Èló Ni Kí N Gbà? Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ń Fi Iṣẹ́ Oṣù Sílẹ̀ Lọ Di Agbaṣẹ́ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Akọ̀wé wa ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lórí ohun tí mo bá mọ̀. Mo ní èmi ò mọ nǹkan kan ju iná mànàmáná lọ. Ó ní rárá, kí n sọ bí mo ṣe ń díye lé iṣẹ́ mi, torí pé púpọ̀ nínú wa ló ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ oṣù báyìí, àwọn kan fúnra wọn, àwọn kan nítorí pé ọ̀gá ti ní kí wọ́n máa lọ.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ kí n gbà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa pè mí lórí fóònù. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí. N300,000 ni owó oṣù rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò fẹ́ kó jẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn mọ́. Kó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kó padà wọlé lọ́jọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí agbaṣẹ́ṣe. Tábìlì kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n N360,000 ni wọn yóò máa san fún un lóṣù. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní, "Ṣé o rí i, wọ́n fi N60,000 lé e fún mi!" Mo ní kó má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan títí a ó fi fojú rinjú. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ló gbọ́dọ̀ fún wọn lésì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí ojú mi ń lọ sí apá ibì kan jù, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tèmi, torí pé òun ló fún mi lẹ́nu láti sọ̀rọ̀.

Ọdún 16 ni mo fi tọ́jú iná àti ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà. Lọ́dún 2012 mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo fẹ́ máa dá ṣe. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní kí n máa wá ṣe iṣẹ́ náà fún àwọn bí ó bá ti yọjú, kí n sọ iye tí n óò máa gbà fún wákàtí kan. Mo dé ilé, mo gbé ìwé àti bírò. Owó oṣù mi nígbà náà jẹ́ N120,000. Ìyẹn jẹ́ N1,440,000 lọ́dún. Ọ̀sẹ̀ 52, wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ó di wákàtí 2,080. Mo pín in, ó fún mi ní nǹkan bíi N692. Mo ní kí n má ṣojo, mo sọ ọ́ di N700.

Kí n tó pa ẹnu dé ni ọ̀gá tó ń mójú tó owó ti fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí n ti fura láti ibẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, mo ka ìwé tí mo ń kọ wákàtí mi sí. Gbogbo wákàtí tí ẹnikẹ́ni sanwó rẹ̀ fún mi, àtàwọn yẹn àtàwọn oníbàárà mìíràn, kò ju 1,130 lọ. Ẹ fi N700 sọ ọ́ di púpọ̀: N791,000. Díẹ̀ ló fi lé ìdajì owó tí mo ń gbà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò sinmi lọ́dún náà o. Inú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ oṣù, káàdì ọsibítù ni mo máa ń nà sí wọn, n kì í béèrè èló ni. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí n san owó sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé. Owó tí ilé-iṣẹ́ ń jẹ mí sì ti pé 80 ọjọ́ tí wọn ò tíì san. Mo ta ọkọ̀ mi. Nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi ń gbé àpótí irinṣẹ́ lórí itan nínú dánfó. Ọlọ́run ṣeun, ìyàwó mi rèé lórí ìjókòó, ó ń rẹ́rìn-ín mi.

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì, ẹ rántí ọ̀gá wa tó kọ́ wa ní ìṣirò, tí a máa ń pè ní "Fi-Ọ̀nà-Hàn" lẹ́yìn wọn. (Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì wá, a kò mọ̀ pé ẹ mọ̀.) Bí ìdáhùn rẹ bá tọ̀nà tí o kò fi ọ̀nà hàn, òdo ni. Ohun tí mo wá rí ni pé pínpín tí mo pín tọ̀nà pátápátá. Ohun tí mo pín ni kò pé, ohun tí mo fi pín in sì pọ̀ jù. Ibi méjèèjì náà ni mo ti ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti ṣubú jù, ìyẹn wákàtí. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ń gbowó lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ àti lọ́jọ́ tí kò ṣe. Agbaṣẹ́ṣe, ọjọ́ tó bá ṣe nìkan ni. Ọjọ́ iṣẹ́ 260 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ 52. Ẹ yọ ọjọ́ ìsinmi ìjọba kúrò: ọdún tuntun, Ọjọ́ Ẹtì Rere àti Ajé Àjíǹde, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, June 12, Ìtúnu Àwẹ̀ ọjọ́ méjì, Iléyá ọjọ́ méjì, Máólúúdì, October 1, Kérésìmesì àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Ó jẹ́ 13, bí ìjọba kò bá fi kún un. Ó ku 247. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ìsinmi, ọjọ́ 15; ó ku 232. Ẹ má sọ pé ẹ kì í sinmi, ara á fi agbára gbà á. Ọjọ́ méje fún ibà, òkú àna àti ìpàdé òbí níléèwé ọmọ. Ó ku 225. Ọjọ́ 225, wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, ó jẹ́ 1,800.

Ẹ má tíì yọ̀. Nínú 1,800 yẹn, ta ni yóò san owó ọjọ́ tí ẹ lọ wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn? Ta ni yóò san owó àárọ̀ tí ẹ fi jókòó sí ọ́fíìsì àwọn akáǹtì, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó máa fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì ò sí nílé? Kíkọ bíìlì ńkọ́, títún irinṣẹ́ ṣe ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tí ìpè kankan ò wọlé ńkọ́? Ìwé tèmi, tí mo ti ń kọ láti ọdún 2012, fi hàn pé ìdá mẹ́ta wákàtí mi ni irú nǹkan báwọ̀nyí máa ń jẹ lọ́dún tó dára. Lọ́dún tí kò dára, ó ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà mo ń yọ 600 kúrò nínú 1,800. Wákàtí 1,200 ló kù. Òun la óò fi pín owó, kì í ṣe 2,080.

Ó ku owó tí a fẹ́ pín. Ẹ jẹ́ ká lo N300,000 ọ̀rẹ́ wa. Ọdún kan jẹ́ N3,600,000. Ohun tí kì í sí nínú ìwé owó oṣù ni àwọn ohun tí agbanisíṣẹ́ ń san lẹ́yìn yín. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán 10% sí i, kí òṣìṣẹ́ dá 8%, lórí owó iṣẹ́ gan-an pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀. Kó má baà díjú, mo ka gbogbo owó oṣù pọ̀: 10% jẹ́ N360,000 lọ́dún. Owó oṣù kẹtàlá tí wọ́n ń fún un ní December, N300,000. Owó ọsibítù tí wọ́n ń san fún òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ó ní òun gbọ́ pé ó tó N240,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: N4,500,000. Iye tí ọ̀rẹ́ wa ń gbà gan-an nìyẹn. N300,000 kọ́.

Ó ṣì ku ohun tí owó ò lè kà tán. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san 1% gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, nítorí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Fún èmi tí mò ń gun àkàbà, tí mò ń fọwọ́ kan wáyà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí mo bá ṣubú lónìí, ara mi ni mo ṣubú lé.

Wàyí o, ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún oníbàárà púpọ̀ á tún ra epo sí jẹnẹrétọ̀, á ra dátà, á tún ọkọ̀ ṣe, á pààrọ̀ irinṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé N100,000 lóṣù, N1,200,000 lọ́dún. Ó di N5,700,000. Ẹ fi N300,000 kún un fún ẹni tí kò ní sanwó láéláé, torí pé dandan ni kó wà. N6,000,000 géérégé. (Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú iye tó rọrùn láti pín ni. Ẹ lọ fi tiyín sí i.) Ẹ pín in sí 1,200: N5,000 fún wákàtí kan.

Bí ọ̀rẹ́ wa bá pín owó tirẹ̀ bí mo ṣe pín tèmi lọ́dún 2012, nǹkan bíi N1,730 ni ìbá rí. Ẹ wo ìyàtọ̀ N1,730 sí N5,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá ń gba N5,000 yìí kò tíì di olówó o. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà.

Mo wá padà sí ọ̀dọ̀ rẹ, ọ̀rẹ́ mi. Tìrẹ yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kí o máa lọ, láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. O kò ní máa wá iṣẹ́ kiri, nítorí náà wákàtí 1,800 lo lè kà, kì í ṣe 1,200. Ṣùgbọ́n wò ó. N60,000 tí wọ́n fi lé e jẹ́ N720,000 lọ́dún. Ohun tí wọ́n mú kúrò lọ́wọ́ rẹ, ìfẹ̀yìntì, oṣù kẹtàlá àti ọsibítù, jẹ́ N900,000. O ti fi N180,000 sílẹ̀ fún wọn kí o tó jókòó. O ní wọ́n tún sọ pé kí o máa gbé kọ̀ǹpútà tìrẹ wá. O ní kò sí ìsinmi tí wọ́n máa sanwó rẹ̀. Wọ́n sì lè sọ lóṣù èyíkéyìí pé ó parí.

Bí wọ́n bá fẹ́ kí o wà níbi tí o wà gan-an, láìfi kọ́bọ̀ kan lé e, N375,000 ni lóṣù. Ibi ilẹ̀ nìyẹn, má sọ̀ kalẹ̀ kọjá rẹ̀. Fi N600,000 kún un lọ́dún fún kọ̀ǹpútà, dátà àti ọkọ̀, àti N300,000 fún ewu pé wọ́n lè lé ọ lọ́la. Ó di N5,400,000: N450,000 lóṣù, N3,000 fún wákàtí. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bí wọ́n bá ní ó ti pọ̀ jù, bi wọ́n pé èló ni ìwọ ń ná wọn lóṣù báyìí, kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kí o lọ kí o tún padà wá.

Fún àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́, wàhálà mìíràn wà: lọ́dọ̀ wa, ẹni tó máa bi ọ́ léèrè iye wákàtí kò pọ̀. "Èló ni gbogbo ẹ̀?" ni wọn yóò wí. Àwọn bàbá wa pàápàá, bí wọ́n bá gba alágbàṣe sóko, ebè ni wọ́n ń kà, wọn kì í wo òòrùn. Nítorí náà ẹ fi iye wákàtí sínú, kí ẹ fi iye iṣẹ́ síta. Ilé búrẹ́dì kan ní kí n tún páànẹ́ẹ̀lì iná wọn ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ gan-an jẹ́ wákàtí 14. Ṣùgbọ́n mo lo wákàtí méjì láti wò ó, mẹ́rin ní Aláàbà láti ra ọjà, mẹ́ta nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, méjì láti padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pé 25. Ẹni tó bá gba N70,000 níbẹ̀ ti fi wákàtí 11 ṣe sàráà. N125,000 ni.

Mo fẹ́ sọ ohun kan níbí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi oníná lè má fẹ́ràn. Ẹ mọ̀ pé tí oníbàárà bá ti ná wọ́kímaṣípù wa títí tó fi já sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wa a lọ fi owó kún owó wáyà. Wáyà N40,000 a di N55,000 nínú bíìlì. A ní oníbàárà ló fà á. Bóyá òun ló fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n olè ni, a ò ní orúkọ mìíràn fún un, ọjọ́ tí oníbàárà bá sì délé ìtajà fúnra rẹ̀ ni a ti pàdánù rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ iye wákàtí mi ni mo ti ń kó rìsíìtì ọjà fún wọn bó ṣe wà. Àwọn kan sá. Àwọn tó dúró kò ná mi mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ sì máa tún iye yín wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mo kọ bíìlì kan ní April 2023. Ní ìparí May, wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo bẹ́ńtíróòlù ní Èkó kúrò ní ohun tí kò tó N200, ó lọ sí ìtòsí N500. Ní June, wọ́n jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, dọ́là gòkè, owó wáyà gòkè tẹ̀lé e. August ni wọ́n tó san owó yẹn fún mi, iye tí a kọ ní April. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ bíìlì mi pé ọjọ́ 14 ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ. Mo sì ń gba owó ọjà pátá àti ìdajì owó iṣẹ́ kí n tó gbé àkàbà. Ẹni tí kò bá lè san ìyẹn, kò ní lè san èyí tó kù.

Lórí owó-orí, mi ò ní pẹ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá ló ń yọ ọ́ kó tó kàn yín. Báyìí, owó ìjọba ń sùn nínú àpò yín, ó sì máa ń jọ tiyín. Nínú òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, N800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí, N2,200,000 tó tẹ̀lé e jẹ́ 15%, ó sì ń gòkè láti ibẹ̀. Èrè ni wọ́n ń wò, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì epo, ti dátà, ti irinṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì yọ owó-orí lára owó yín kí wọ́n tó san án, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn ní báńkì fún un. Ní ti ìfẹ̀yìntì, láti ọdún 2019 ni ètò ti wà fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ láti máa dá owó tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N360,000 tí a kà lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni kó lọ, kó má lọ sí aṣọ ẹbí.

Mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀. Ará ìjọ ńkọ́, àna ńkọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa ńkọ́? Èmi náà ń ṣe é fún wọn. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ iye rẹ̀ pípé sínú ìwé, N60,000, lẹ́yìn náà ni mo fa ilà sí i, mo kọ "ẹ̀bùn" tàbí mo kọ iye tí mo gbà. Láyé àtijọ́, bí a bá ṣe àáró fún ara wa, oníkálukú mọ̀ pé ọjọ́ kan ni òun jẹ ẹnìkejì. Ìyà tó ń jẹ wá nísinsìnyí ni pé a ń ṣe àáró fún ẹni tó rò pé iye tí iṣẹ́ náà tọ́ sí gan-an nìyẹn, tó sì máa ń lọ sọ ọ́ fún àdúgbò.

Mo ti tẹ ìṣirò yìí sórí ìwé kan, ààyè òfo wà níbi tí ẹ máa fi iye tiyín sí. Ọwọ́ akọ̀wé ló wà, ẹ gbà á kí ẹ tó lọ jẹun, pẹ́ńsùlù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti kọ tìrẹ fún ọ, wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ìwé kan sì rèé fún yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá mo fi ọ̀nà hàn dáadáa.